Ọjọ́ Tí Òkun Ń Sinmi ní Ilẹ̀ Pópó

Ní ọdún tí wọ́n ti ẹnubodè, àwa mẹ́ta kúrò ní ilẹ̀ Yewa, a forí lé òkun. Kì í ṣe fàyàwọ́ la bá lọ. Ìgbì la fẹ́ gùn.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń ka èyí ní Ìlaró tàbí ní Ayétòrò á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ará oko gbágùúdá ni wá. Odò tí kì í mu orúnkún lẹ́ẹ̀rùn la fi kọ́ ìwẹ̀. Kí ló pa àwa àti òkun pọ̀? Ẹ̀ṣọ́ kan lójú ọ̀nà bi wá ní ìbéèrè yìí gan-an nígbà tó rí ẹrù tí a dì sínú aṣọ.

"Kí lẹ dì báyìí?"

"Pátákó ni, ọ̀gá," Bíọ́dún dáhùn.

"Pátákó kí?"

"Ti ìgbì òkun."

Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin ará Ìlaró? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wẹ̀ nínú garawa?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì pe ẹnì kejì rẹ̀ wá wò ó. Ìgbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n ní ká máa lọ.

N kò ní sọ ọ̀nà tí a gbà lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn tó ń gbà á mọ̀ ọ́n, àwọn tí kò gbà á kò nílò rẹ̀.

Ìgbì tiwa

Bíọ́dún ni káfíńtà, Ìdógò sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ó bá mi lọ sí etí òkun lápá Àgbádárìgì, níbi tí mo ti ń lọ wá ìròyìn nípa àwọn apẹja. Ó rí àwọn ọmọ ibẹ̀ tí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí pákó, tí ìgbì ń gbé wọn wá sílẹ̀ bí ẹni jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti fi ìfági fá pátákó kan láti ara igi arère. Ó ga jù ú lọ, ó sì fúyẹ́ débi pé ó ń fi apá kan gbé e.

Ẹnì kẹta wa ni Àìná, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní ilé-ìwé kan ní Ayétòrò. Ó ní òun kàn ń bọ̀ wá wòran ni. Lọ́jọ́ kejì tó wá wòran, ó ti wà nínú omi.

Ìgbì tiwa kì í ṣeré. Ńṣe ló máa ń ga, tí á dúró díẹ̀ bí ẹni ń ronú, tí á wá já lulẹ̀ gbì bí àpò sìmẹ́ńtì. Tó bá di oṣù kẹjọ, omi náà á tutù débi tí eyín á máa lu eyín. A nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn apẹja ibẹ̀ kì í pè wá lórúkọ. "Àwọn ará oko ti dé o!" ni wọ́n máa ń sọ. "Ẹ bá wọn di ẹ̀gúsí wọn mú, omi fẹ́ gbé e lọ!"

Ìgbà tí wọ́n wá ti ẹnubodè, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti eré fún Bíọ́dún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ilẹ̀kùn àti fèrèsé lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà Ifọ̀nyìntẹ̀dó ni wọ́n ń gbà wọlé láti òdìkejì. Wọn kò lè wọlé mọ́. Ilẹ̀kùn tó ti kàn parí fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù títí ikán fi dé ìdí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ yìí ni obìnrin kan tí a ń pè ní Ìyá Pobẹ̀, nítorí ìlú Pobẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó ní ilé àlejò létí òkun ní ilẹ̀ Pópó, lódìkejì ẹnubodè. Òun ló tẹ Bíọ́dún láago.

"Ọmọ mi, pátákó àwọn àlejò tó ti kán kún ilé mi, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Wá wò ó. Tí olórí etíkun wa bá gbà ọ́, iṣẹ́ wà fún ọ níbí. Omi wa sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò dà bíi tiyín."

Ọjọ́ tí a ń lọ, ìyàwó Bíọ́dún dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Táyọ̀ la ń pè é. Ó gbé ọmọ pọ̀n.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú wọn. Ẹ má purọ́ fún mi. Ṣé iṣẹ́ ló ń lọ wá, àbí eré omi?"

"Iṣẹ́ ni, Ìyá Táyọ̀."

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń gbé pátákó ìgbì lọ ṣe?"

Mo gbé ẹrù mi, mo jáde.

Omi kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ Ajé ni a débẹ̀, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Abúlé náà tò sórí iyanrìn lábẹ́ àgbọn, òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí ọ̀sà ti já sínú òkun, omi náà ní àwọ̀ méjì, bíi tíì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da mílíìkì sí tí wọn kò tíì rò.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í bi àlejò ní ohunkóhun tí kò bá tíì mu omi. Wọ́n fún wa ní igbá omi, wọ́n jókòó tì wá, wọ́n dákẹ́. Èmi tí iṣẹ́ ìròyìn ti sọ ẹnu mi di ẹnu ìbéèrè, mo ti ń la ẹnu nígbà tí Ìyá Pobẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. "Mumi ná, akọ̀ròyìn. Òkun kò ní sá lọ." Ìgbà tí a mu tán ni wọ́n wá bi wá pé ilé ńkọ́?

Ànàgó ni wọ́n ń pè wá. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe dùn létí mi. Nílé, lọ́nà Ìpókíá, orúkọ ara wa ni. Níbẹ̀, orúkọ àjòjì ni. Àwọn ọmọdé á na ìka sí wa: "Ànàgó! Ànàgó!" wọ́n á sì sá.

Olórí etíkun náà, Bàbá Kosí, wá kí wa ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àwọ̀n ti gé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní gígé-gígé. Ó gbọ́ pé Àìná gbọ́ Faransé, nítorí náà ó fi Faransé bá a sọ̀rọ̀, ó ń yan ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀gún lára ẹja. Ó wo pátákó Bíọ́dún, ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó mi orí. Ó ní òun á máa wo ọmọkùnrin náà. Ìgbà tí òkun bá sinmi tán ni òun á sọ bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ.

"Kí ni ìtumọ̀ kí òkun sinmi?" mo béèrè.

Àìná gbà á lẹ́nu arúgbó náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọjọ́ kan wà tí àwọn àgbà á wo òṣùpá, wọ́n á mú un. Ní ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ omi. Wọn kì í ju àwọ̀n, wọn kì í fọ ẹsẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í pariwo sí i. "Ó ní ti oṣù yìí, ó di ọjọ́ mẹ́rin sí òní."

Bíọ́dún na ìka rẹ̀, ó kà á bí gbogbo wa ṣe ń ka ọjọ́ ọjà nílé. "Òní Ajé, ọ̀kan. Ìṣẹ́gun, méjì. Ọjọ́rú, mẹ́ta. Ọjọ́bọ̀, mẹ́rin. Ọjọ́bọ̀ ni." Gbogbo wa gbà pé Ọjọ́bọ̀ ni.

Ìgbì tó ń gbéni lọ jìnnà

Mo ti gun ìgbì tiwa fún ọdún mẹ́ta, n kò sì mọ̀ pé ìgbì lè ní sùúrù. Ti ibẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lókèèrè, níbi tí omi ọ̀sà ti pàdé òkun, ó ń ká bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo bí ẹni ká ẹní. Omi ọ̀sà tí oòrùn ti mú gbóná ló sì jẹ́ kí ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ṣe mí bíi pé mo wọ inú ilé.

Ní òwúrọ̀, Bíọ́dún á wà lábẹ́ àgbọn pẹ̀lú pátákó kíkán, á máa lẹ̀ wọ́n, á máa fá wọn. Ní ọ̀sán a wà nínú omi. Ó ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì báyìí, nǹkan tí kò ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa. Àìná ń dùbúlẹ̀ lórí tirẹ̀, ó ń kígbe orúkọ ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìgbì bá gbé e. Èmi ń mu omi iyọ̀.

Oúnjẹ ibẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Àkàsà ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ, ó kan díẹ̀, wọ́n ń fi ata gígún tútù àti akàn jẹ ẹ́. Ìyá Pobẹ̀ ní, "Ẹ fọ́ ọ lẹ́nu, ẹ má tijú akàn. Ẹni tó bá ń tijú akàn, ebi ló máa pa á níbí."

Ní Ọjọ́rú, ìhìn dé pé ọmọ Ìyá Pobẹ̀ ń rọbí ní Kútọnu. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ kíákíá.

Ọjọ́bọ̀ mọ́, ìgbì ga bí ilé. Ọkọ̀ ojú omi kan kò jáde. Etíkun dá páropáro. Bíọ́dún ní, "Ẹ ò rí i? Ó ń sinmi lóòótọ́." A jókòó láti òwúrọ̀ dé alẹ́ láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Àìná fọ aṣọ lẹ́bàá kànga. Àwọn apẹja méjì kọjá, wọ́n wò wá pé kí ló dé tí a fi rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni wà nínú ilé ọ̀fọ̀. A kí ara wa kú oríire pé a kò ṣe bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì

Òkun tó rọlẹ̀ lówùúrọ̀ Ẹtì, n kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ìgbì kò pọ̀, àmọ́ wọ́n ń wá ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n mọ́ kedere, ojú wọn ń dán bí àwo. Ẹnikẹ́ni kò sí létíkun. A rò pé oorun ló mú àwọn apẹja. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ omi.

Bí mo bá pẹ́ láyé, mi ò ní gbàgbé ìgbì kan tí Bíọ́dún gùn láàárọ̀ yẹn. Ó gbé e láti ẹnu ọ̀sà, ó dúró, ó na apá, kò yí, kò sáré. Ìgbì náà gbé e kọjá níwájú wa, mo sì rí ojú rẹ̀. Ọdún yẹn, láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti dákẹ́, n kò tíì rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi àti Àìná pariwo, a pàtẹ́wọ́ lórí omi.

Ìgbà náà ni Àìná bojú wo etíkun.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Gbogbo abúlé ti wà lórí iyanrìn. Ọkùnrin, obìnrin, àwọn tó gbé ọmọ pọ̀n. Wọ́n tò lọ gbọọrọ, kò sẹ́ni tó ju ọwọ́ sí wa, kò sẹ́ni tó pè wá. Wọn kò lè wọ omi wá mú wa, wọn kò sì gbọdọ̀ pariwo sí òkun. Wọ́n kàn dúró. Mo ti lọ síbi ìjà àti ibi iná nítorí iṣẹ́ mi, ìdákẹ́jẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo wọn lọ.

A wọ́ jáde. Wọ́n là fún wa láàárín, wọn kò fọwọ́ kàn wá.

Lábẹ́ igi àgbọn

Ọ̀sán ni wọ́n pè wá. Ìyá Pobẹ̀ ti dé láti Kútọnu, ọmọ rẹ̀ ti bímọ, inú rẹ̀ ń dùn, àfi ìgbà tó gbọ́ ohun tí a ṣe. Ó jókòó sílẹ̀ gbáà. "Yéè! Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ọjọ́ wo lẹ wá mú ṣe eré!" Òun ló ń túmọ̀ fún wa láti èdè wọn.

Obìnrin kan tó ń yan ẹja ló kọ́kọ́ dìde. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí Ìyá Pobẹ̀ ṣe sọ ọ́: "Ọkọ mi wà lórí omi ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá. Ọjọ́ kan péré lóṣù la fi ń bẹ òkun. Ẹ fi ọjọ́ náà pàtẹ́wọ́. Bí àwọ̀n bá gòkè lófìfo lóṣù yìí, ṣé Ìlaró ni n ó wá gba oúnjẹ?"

Ojú ti mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

Bàbá Kosí bi wá pé ta ló ka ọjọ́. Bíọ́dún dìde. "Èmi ni, Bàbá. Àwọn méjì yìí kò mọ nǹkan kan."

"Irọ́ ni," Àìná sọ. "Gbogbo wa la jọ gbà."

Arúgbó náà ní kó kà á lójú òun. Bíọ́dún kúnlẹ̀, ó fi ìka fa ilà sórí iyanrìn. Ilà kan fún Ajé tí a dé, ọ̀kan fún Ìṣẹ́gun, ọ̀kan fún Ọjọ́rú, ọ̀kan fún Ọjọ́bọ̀. Mẹ́rin. Bàbá Kosí wò ó pẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka ẹsẹ̀ pa ilà àkọ́kọ́ rẹ́, ó sì fa òmíràn sí ìparí. Mẹ́rin náà ni, àmọ́ ó ti dé Ẹtì.

Kò padà síbi ìjókòó rẹ̀. Ó dúró sórí ilà náà, ó ń wò ó, lẹ́yìn náà ó bá àwọn àgbà ìyókù sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ohùn Ìyá Pobẹ̀ ti rọ̀ nígbà tó túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní bí bàbá òun náà ṣe máa ń kà á nìyẹn, pé ọjọ́ tí èèyàn wà nínú rẹ̀, ọjọ́ ni. Ó ní ká ní èdè òun ni òun fi sọ ọ́ fún yín, ọjọ́ márùn-ún ni òun ì bá pè é, ẹ̀yin náà ì bá sì ṣe é re. Ṣùgbọ́n Faransé ni òun fi sọ ọ́, òun sì kà á bí àwọn tó kọ́ òun ní Faransé ṣe ń kà á, láìka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹ̀bi náà, ọ̀nà méjì ló pín sí."

Ọ̀kan nínú àwọn apẹja kùn. Bàbá Kosí gbọ́wọ́ sókè, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ó ní àmọ́ òkun kò mọ ẹni tó ṣèèṣì. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìsinmi, ọdún kan gbáko ni kò ní fi ẹsẹ̀ kàn án. Ọmọ ibí ì báà jẹ́, àlejò ì báà jẹ́." Ìyá Pobẹ̀ kọjú sí Bíọ́dún. "Ọmọ mi, ó ní òun ti rí ọwọ́ rẹ lára igi. Ó fẹ́ kí o dúró. Àwọn ọkọ̀ ojú omi wọn náà ń fẹ́ àtúnṣe. Ṣùgbọ́n tí o bá dúró, lórí ilẹ̀ ni. Tí o bá fẹ́ máa gun ìgbì, máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lọ, etíkun tiyín kò tíì lé ọ."

Fún èmi àti Àìná, ìdájọ́ náà kò wúwo. A ti fẹ́ máa lọ tẹ́lẹ̀. Orí Bíọ́dún ló já lé. Ó tọrọ àyè, ó rìn lọ síbi tí fóòmù ìgbì ti ń parí lórí iyanrìn, ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sí i. Ìgbì ń wá ní mẹ́ta-mẹ́ta bíi ti àárọ̀. Ó dúró títí mo fi rò pé ó máa wọ̀ ọ́. Ìgbà tó padà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo máa dúró."

"Ṣé o ti rò ó dáadáa?" mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ẹnubodè mọ́ mi ní Ìdógò, ilẹ̀kùn mi ń jẹrà. Wọ́n wá ti òkun mọ́ mi níbí, àmọ́ ilẹ̀kùn mi á rí ẹni rà á." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀kùn ló kàn mí. Káfíńtà ni mí."

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ máa bọ̀, ó sìn wá dé ẹ̀yìn abúlé, lọ́nà ọ̀sà. Ó fa èmi nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ sọ fún Ìyá Táyọ̀ pé mo rí iṣẹ́. Ẹ má sọ ti omi. Kò ní yé e. Á ní mo wá gbé ara mi sínú ìjọ̀gbọ̀n nítorí eré."

Mo ṣèlérí fún un.

Ìdógò

Mo lọ rí Ìyá Táyọ̀ ní ọjọ́ kejì tí mo padà. Ó ń yan gààrí nínú agbada lẹ́yìnkùlé, èéfín gba ojú rẹ̀. Ó fún mi ní àga, kò dá iṣẹ́ dúró.

"Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Ó dúró síbẹ̀, àbí?"

"Ó dúró. Ó rí iṣẹ́. Ó ń tún pátákó ṣe fún Ìyá Pobẹ̀, ó sì ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe fún àwọn apẹja. Ó ní tó bá kó nǹkan jọ díẹ̀, òun á ránṣẹ́ sí yín."

Ó ro gààrí lọ, ó rò ó bọ̀. "Ìgbì ibẹ̀ dára?"

"Ó dára."

"Ó dára ju ti Àgbádárìgì lọ?"

"Ó dára jù ú lọ fíìfíì."

Ó gbé igbá tó fi ń rò ó sílẹ̀. "Mo mọ ọkọ mi. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ ìgbì lójú oorun. Ẹ wò mí lójú, Bọ̀dá. Lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́, ṣé ó ń gùn ún?"

Mo rántí ìlérí mi. Mo sì wo obìnrin náà, mo rí i pé ìdáhùn kan ṣoṣo yìí ló ti ń dúró dè láti ọjọ́ tí a ti lọ.

"Kò gùn ún," mo wí. "Wọ́n ní tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan omi fún ọdún kan. Ó gbà."

Gààrí ń jó létí agbada, kò wò ó. Ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá èéfín ni.

"Bíọ́dún gbà bẹ́ẹ̀?"

"Etí mi ló gbọ́ ọ."

"Nígbà náà, iṣẹ́ ló lọ ṣe lóòótọ́," ó wí, ó sì tún gbé igbá rẹ̀.